Sàtífíkéètì ìwé àtinúdá ní community college: ṣé kí n náwó sí i, àbí kí n jókòó sílé kí n máa kọ ọ́?

Àjíkẹ́ Ìtòkú:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò dá sí i rí. Lónìí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

Maryland ni mo wà. Ẹni ọdún 43 ni mí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ sì ni. Mo gboyè BA nílé kí n tó wá. Tó bá di aago mẹ́ta òru, tí àwọn màmá ti sùn, tí aago ìpè kò dún, màá fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ nínú báàgì, màá máa kọ. Ìtàn ìyá tó bí ìyá mi ni. Àdìrẹ ló ń ṣe, tó ń tà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta. Ìwé kan ló bẹ̀rẹ̀, ó ti di mẹ́ta báyìí.

Mo wá rí i pé community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó ń kọ́ àwọn ará àdúgbò) tó wà nítòsí wa ní sàtífíkéètì ìwé àtinúdá: ìtàn àròsọ, ewì, eré onítàn, àti ìtàn ìgbésí ayé tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ọkọ mi bi mí pé, "Ta ló máa gbà ọ́ síṣẹ́ torí pé o mọ ìtàn pa?" Kò fi ìbínú sọ ọ́ o, owó ló ń rò. Ọmọ wa àgbà máa wọ yunifásítì lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé nǹkan yìí wúlò? Èló ló máa jẹ lọ́wọ́ mi? Ṣé wọn ò ní fi Gẹ̀ẹ́sì wa ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì?

Bàbá Bowie:
Àjíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Owó orí ni mo ń bá àwọn èèyàn ṣe, ọ̀rọ̀ owó náà ni màá sọ.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n: ṣé kíláàsì yìí ní kírẹ́díìtì (òǹkà tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ mọ́ oyè) àbí kò ní? Abẹ́ òrùlé kan náà ni méjèèjì wà, orúkọ kan náà ni wọ́n sì lè máa jẹ́, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èyí tó ní kírẹ́díìtì, máàkì rẹ̀ máa wọ inú transcript yín (ìwé èsì ẹ̀kọ́), ẹ sì lè gbé e lọ sí yunifásítì tó bá gbà á. Èyí tí kò ní, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ fún àwọn ará àdúgbò ni. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n bá fún yín níbẹ̀, ara ògiri ló mọ. Kò burú o. Ìyàwó mi kọ́ ìránṣọ níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ni mo wọ̀ yìí. Kí ẹ ṣáà mọ èyí tí ẹ ń rà.

Ibi tí ẹ ń gbé ló ń sọ iye tí ẹ máa san. Ní Maryland wa níbí, iye mẹ́ta ni ẹ máa rí: ti ẹni tó ń gbé nínú county (bí ìjọba ìbílẹ̀) tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti ẹni tó wà ní county mìíràn nínú Maryland, àti ti ẹni tó wá láti ìta. Nítorí náà, ẹ má sọdá county lọ forúkọ sílẹ̀ torí pé ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn dára. Àwọn ará California ni nǹkan rọ̀ fún jù: dọ́là 46 ni kírẹ́díìtì kan fún ẹni tó ń gbé níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé kíláàsì oníkírẹ́díìtì mẹ́ta kò ju dọ́là 138 lọ kí wọ́n tó fi àwọn owó kéékèèké lé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó kù máa san ju ìyẹn lọ.

Ó wá ku Pell, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, tí èèyàn ń kọ fọ́ọ̀mù FAFSA fún. Ẹni tó bá ti gboyè BA rí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́, kódà kó jẹ́ Nàìjíríà ló ti gbà á. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀ pé kí ẹ má kọ oyè yẹn sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ má dá a lóhùn. Irọ́ sí ìjọba ni, wọ́n sì máa gba owó wọn padà. FAFSA ọmọ yín àgbà ni kí ẹ jókòó tì. Ní ti ẹni tí kò tíì gboyè tó ń ka èyí: irú ètò yìí gbọ́dọ̀ tó kírẹ́díìtì 16, kó sì gbà tó ọ̀sẹ̀ 15, kí Pell tó lè wọ̀ ọ́. Sàtífíkéètì oníkírẹ́díìtì 12 kò ní wọlé.

Ohun tó kù fún yín, Àjíkẹ́, ni Lifetime Learning Credit, ẹ̀dínwó owó orí fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Kò pọn dandan kí èèyàn máa wá oyè, kíláàsì kan ṣoṣo ti tó. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ san fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ló máa bọ́ kúrò nínú owó orí yín, kò sì lè ju dọ́là 2,000 lọ lọ́dún. Bí ẹ bá san 1,500, 300 ló máa bọ́. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá ti ga jù kò ní rí i gbà, àmọ́ èmi tó ń ṣe owó orí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú, mo mọ̀ pé ìyẹn kò kàn yín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì máa fi ìwé 1098-T, tó ń fi owó tí ẹ san hàn, ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù mọ́ ìwé ìpolówó pízà.

Ọmọ Aláàfin:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Amos Tutùọlá tó kọ The Palm-Wine Drinkard, ọmọ Abẹ́òkúta bíi tiyín, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́. Ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London lọ́dún 1952. Ta ló fún un ní sàtífíkéètì?

Mo ti san owó irú kíláàsì yìí rí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún gbáko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa mọ̀ ọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé: "Nice." Mo kọ orí tí bàbá kan ti kú, ó kọ "Nice" sí i. Ẹ gba káàdì láìbúrárì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ka ìwé tó pọ̀. Ẹ kọ tiyín. Ó parí.

Akọ̀wé Houston:
Ẹ̀gbọ́n Aláàfin, ẹ rọra. Tutùọlá kan ṣoṣo la rí nínú gbogbo ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tó wà l'Ékòó nígbà náà. Ti "Nice" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín ṣá, ẹ pẹ̀lẹ́.

Àǹtí Àjíkẹ́, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo parí irú sàtífíkéètì yìí. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà, pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n tún san owó yẹn lónìí, màá san án. Gbèdéke ni mo rà, àti èèyàn mọ́kànlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ mi, tí wọn kì í sì í ṣe ìbátan mi. Nílé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń bá mi kà á. Àdúrà ló máa ń fi dáhùn: "Ọlọ́run á sọ ọ́ di ìwé ńlá." Àmín, àmọ́ kò sọ fún mi pé orí kejì ń sú èèyàn.

Bí workshop, ìyẹn kíláàsì tí a ti ń ka iṣẹ́ ara wa, ṣe ń lọ nìyí. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kó kàn yín, ẹ máa pín ìtàn yín fún gbogbo kíláàsì, bí ojú ewé mẹ́wàá sí márùndínlógún. Wọ́n á lọ kà á nílé, wọ́n á kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kàn yín, ẹ máa jókòó yíká, wọ́n á máa sọ ohun tí wọ́n rí, ẹ̀yin ò sì gbọdọ̀ lanu. Ẹ ò ní ṣàlàyé, ẹ ò ní gbèjà ara yín. Iowa ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, ní yunifásítì tó dá ètò àwọn òǹkọ̀wé sílẹ̀ lọ́dún 1936, ibẹ̀ ló ti tàn ká Amẹ́ríkà. Àwọn olùkọ́ kan ti pa òfin ẹnu dídì yẹn tì báyìí, òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi pé kí ló fẹ́ gbọ́. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe níbi tí ẹ fẹ́ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó kàn mí, ìtàn ọmọdébìnrin kan ni mo kọ. Ó fẹsẹ̀ kọ àpótí nínú ilé ìdáná, ó ṣubú. Ìyá rẹ̀ tó ń gúnyán lọ́wọ́ ní, "Sorry." Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé náà ni mo ṣe kọ ọ́. Bàbá kan wà ní kíláàsì wa, panápaná tó ti fẹ̀yìn tì. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí ìyá yìí fi ń tọrọ àforíjì. Ṣé òun ló gbé àpótí sí ojú ọ̀nà ni? Arábìnrin kan ní òun náà ti ń fura láti ojú ewé kejì, pé ó dájú pé ìyá yìí ti ṣe ọmọ náà ní nǹkan rí. Ló bá di ẹjọ́. Wọ́n fi bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ wá ẹ̀ṣẹ̀ ìyá tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Èmi di ẹnu, mo ń fi bírò gún ìwé ní àgúntúngún.

Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé wọn ò kúkú jẹ̀bi. Pẹ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ, mo wá lọ fi ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Mo pa "Sorry" rẹ́. Mo kọ "Pẹ̀lẹ́" síbẹ̀ bó ṣe wà, láìsí àlàyé. Mo jẹ́ kí ìyá gbé ọmọ odó sílẹ̀, kó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu orúnkún ọmọ náà, torí pé iyán ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, kò sẹ́ni tó béèrè ìtumọ̀. Bàbá panápaná fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé pé òun mọ obìnrin yìí. Ewé yẹn ni mo fi sínú férémù, kì í ṣe sàtífíkéètì.

Àjíkẹ́ Ìtòkú:
Mo ka ti àpótí yìí lẹ́nu iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì àgbà fi wá yọjú wò mí. "Sorry" pọ̀ nínú ìwé mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.

Bàbá Bowie, ẹ ṣeun gan-an. Ti Pell yẹn, ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀ lóòótọ́.

Ìyá Tóbi:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Orí físà ọkọ mi tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo wà, F-2, ní Indiana. Ṣé èmi náà lè ṣe é?

Akọ̀wé Houston:
Ìyá Tóbi, ẹ lè ṣe é, àmọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó wà lórí F-2 lè gba kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè, bí kíláàsì náà kò bá ti pọ̀ tó ti akẹ́kọ̀ọ́ alákòókò kíkún. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é ní kíkún, àfi kí ẹ yí padà sí F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ná. Ẹni tó wà lórí H-4 (físà ìdílé òṣìṣẹ́ òkèèrè) kò ní ìdíwọ́ yẹn. Ẹni tó bá fi físà àbẹ̀wò wọlé kò gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ oníkírẹ́díìtì rárá.

Fún ẹni tó bá ń rò pé òun máa fi sàtífíkéètì yìí gba F-1 láti ilé: kírẹ́díìtì 12 ó kéré tán ni wọ́n ń retí ní sẹ́mẹ́sítà kan, kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa kà mọ́ ọn. Sàtífíkéètì tí wọ́n ń fi kíláàsì alẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe kò lè gbé ìyẹn. Ẹ bá ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san ohunkóhun.

Olùkọ́ Alẹ́:
Mo ti ń kọ́ irú kíláàsì yìí ní community college kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìpolówó.

Olùkọ́ ni kí ẹ wò, kì í ṣe orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ wá ohun tó ti kọ, ẹ kà á. Ẹ fi ímeèlì béèrè sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ ti sẹ́mẹ́sítà tó kọjá. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀ iye ìgbà tó máa ka iṣẹ́ yín tó sì máa dá a padà, ó dáa. Bí ẹ ò bá rí i, a jẹ́ pé ti "Nice" lẹ ń lọ yẹn. Ọmọ Aláàfin, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ́ kíláàsì alẹ́, sẹ́mẹ́sítà sí sẹ́mẹ́sítà ni wọ́n ń gbà wá. A ò ní ọ́fíìsì, inú ọkọ̀ wa ni ìwé yín ń sùn. Bí ẹ bá rò pé ẹ máa fẹ́ lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́jọ́ iwájú, ẹ tètè gba ímeèlì tí kì í ṣe ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, torí a lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ẹ bá padà wá.

Nǹkan kejì, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń ṣe kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì ewì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Bí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò bá pọ̀ tó, wọ́n á fagi lé e nígbà tó bá ku ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ á wá jókòó sílé. Sàtífíkéètì tí wọ́n ní ọdún kan ni, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á fi ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é. Ìyẹn ló mú kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba kíláàsì kan ná. Ẹ má tíì sọ pé ẹ fẹ́ sàtífíkéètì. Bó bá dùn mọ́ yín, kírẹ́díìtì yẹn máa wọ inú rẹ̀ náà ni. Bí kò bá dùn, kíláàsì kan péré lẹ sọnù.

Wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe English Composition (kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kíkọ) kí ẹ tó wọ kíláàsì ìtàn àròsọ. Ẹ̀yin ti gboyè, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn tì yín síbẹ̀. Ẹ mú transcript yín, pẹ̀lú àyẹ̀wò tí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oyè òkèèrè, bíi WES, bá ṣe sí i, lọ bá olórí ẹ̀ka. Bí transcript kò bá tíì dé láti ilé (gbogbo wa la mọ ìyẹn), ẹ mú ojú ewé mẹ́wàá nínú ìtàn yín lọ. Mo ti rí olórí ẹ̀ka tó ka ojú ewé méjì tó sì fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ méjì sí ara fíríìjì: ọjọ́ tí èèyàn lè jáde kí ó sì gba owó rẹ̀ padà, àti ọjọ́ tí èèyàn lè jáde tí wọ́n á fi W (pé ó jáde) sínú transcript rẹ̀ láìdá owó padà. Iṣẹ́ alẹ́ kì í fún èèyàn níwèé tó bá fẹ́ yí padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé, ChatGPT àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ti ń fura sí gbogbo ènìyàn, Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ nílé, tó le bí aṣọ tí wọ́n fi páálí sí, lè mú kí ẹlòmíràn rò pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ẹ fi Google Docs kọ iṣẹ́ yín, ó máa ń tọ́jú gbogbo bí ẹ ṣe ń yí i padà. Àjíkẹ́, ìwé àfọwọ́kọ mẹ́ta yẹn, ẹ má jù wọ́n nù.

Ní ti yẹ̀yẹ́ tí ẹ ń bẹ̀rù, n kò rí i púpọ̀. Ohun tí mo máa ń rí ni ìwà ọmọlúwàbí tó pọ̀ jù: wọ́n á bẹ̀rù láti bá yín wí, wọ́n á ní àṣà yín dùn, wọ́n á kọjá. Ẹ fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ojú ewé wo lẹ ti fẹ́ dá a dúró?" Ẹ má sì fi àlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ìsàlẹ̀ ewé bí ìwé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn.

Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè nǹkan kan tí kò kàn mí: nínú ìtàn ìyá àgbà yín, ṣé ẹ ti kọ òórùn aró? Ìyá tèmi náà rẹ aró. Gbogbo ẹni tó ń kọ àdìrẹ fún mi ní kíláàsì, àwọ̀ àti ọnà ni wọ́n máa ń kọ. Ìkòkò aró ń rùn.

Àjíkẹ́ Ìtòkú:
Olùkọ́, mo ṣí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ àná. Mo kọ ìyẹ́ adìẹ tó fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Mo kọ èékánná rẹ̀ tó dúdú títí wọ́n fi sin ín. Kò sí òórùn níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ òórùn yẹn náà ni kì í jẹ́ kí n jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Aláàfin:
Ó dáa, mo gbà pé ó yàtọ̀ bí olùkọ́ bá mọ ohun tó ń béèrè. Kò sẹ́ni tó bi mí ní òórùn kankan. Mo ṣì ń sọ ọ́ o: sàtífíkéètì kò ní wá iṣẹ́ fún un. Kí ọkọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kó má di ìjà lẹ́yìn ọ̀la.

Olùkọ́ Alẹ́:
Òótọ́ ni, kí ọkọ mọ̀. Ibi kan ṣoṣo tí kíláàsì yìí ti lè ṣí ilẹ̀kùn ni MFA, oyè gíga fún àwọn òǹkọ̀wé ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń wá oyè BA, èyí tí Àjíkẹ́ ti ní, àti ojú ewé iṣẹ́ tó dán. Kò sẹ́ni tó ń wo sàtífíkéètì níbẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ kọ tí ẹ sì tún kọ nínú kíláàsì ni wọ́n máa kà. Àwọn kan máa ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ dípò kí wọ́n gbà á, bíi Michener Center ní Yunifásítì Texas ní Austin, àmọ́ àwọn tí wọ́n ń mú kò pọ̀. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn lọ.

Ewì Lójoojúmọ́:
Nǹkan kan tó dun èmi, kó má dùn yín. Mo gbé ewì mi méje sórí Facebook, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ kan, wọ́n ní wọ́n ti jáde níta, àwọn ò lè gbà á mọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló ń ka Facebook sí ìtẹ̀jáde. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, ẹ má gbé e síta, kódà níbí. Kíláàsì kò ka ìyẹn kún, ẹ̀dà tí ẹ pín fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kì í ṣe ìtẹ̀jáde.

Ìkànnì Submittable ni àwọn ìwé ìròyìn sábà máa ń fi gba iṣẹ́. Àwọn kan ń gba bíi dọ́là mẹ́ta, àwọn mìíràn ò gba nǹkan kan. Ẹ lè fi ìtàn kan ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí wọ́n bá ti kọ ọ́ pé àwọn gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ tí ibì kan bá ti gbà á, ẹ sọ fún àwọn tó kù lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé ìròyìn kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá bá àwọn yan iṣẹ́ fún un, ẹ lọ: ẹni tó bá ti ka ọgọ́rùn-ún ìtàn tí wọ́n kọ̀, ojú rẹ̀ á là sí tirẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé Yorùbá. Kíláàsì kò ní gbà á, mo mọ̀. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn ní Yorùbá ná, kí n tó wá ohun tí Gẹ̀ẹ́sì lè gbé nínú rẹ̀. Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì kò bá lè gbé, mo ń kó wọn jọ lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ nílé ń tẹ iṣẹ́ Yorùbá jáde, wọ́n sì ní ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé. Ibẹ̀ ni tèmi ń lọ.

Dáyọ̀ Peckham:
Fún àwa tó wà ní London: kò sí community college níbí, àmọ́ City Lit wà ní Keeley Street, láti 1919 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà. Kíláàsì alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀ wà. Ẹ béèrè owó ẹ̀dínwó kí ẹ tó san, wọn kì í pariwo rẹ̀.

Àjíkẹ́ Ìtòkú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Kíláàsì kan, ìtàn àròsọ, oníkírẹ́díìtì mẹ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo ka sílábọ́ọ̀sì: ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ka iṣẹ́ wa, ó sì kọ ọjọ́ tó máa dá a padà. Olórí ẹ̀ka ka ojú ewé tí mo mú lọ, ó ní kí n fò English Composition. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́, ó gbé iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mi sí Sátidé. Ọkọ mi béèrè iye rẹ̀. Mo fi ìṣirò Bàbá Bowie hàn án, ó dákẹ́, ó ní ṣé ìtàn yẹn kò ní dárúkọ òun ṣá.

Èmi ni mo máa kọ́kọ́ pín iṣẹ́, mo gbé ọwọ́ sókè kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Àwa mẹ́rìnlá la wà. Orí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò aró ni mo tún kọ, ojú ewé mọ́kànlá. Ṣé ẹ̀dà mẹ́rìnlá ni kí n tẹ̀?

Akọ̀wé Houston:
Mẹ́rìndínlógún. Ẹnì kan máa gbàgbé tirẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹ fi nọ́ḿbà sí ojú ewé.